Ọmọ Kẹta Nínú Ìdánwò Àtinúkẹ́

Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni Àtinúkẹ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fi í sí, àmọ́ kọ̀ǹpútà gbà á lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú. Láràárọ̀ ló ń wọkọ̀ wá sí Òkè-Ìlá l'Ádó, níbi tí òun àti ọ̀gá rẹ̀, Olúyẹmí, ti ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Tó bá di aago mọ́kànlá, Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́mi yóò ti Ìgèdè dé láti wá wo ètò tí wọ́n kọ fún ilé ìtọ́jú rẹ̀: bí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára bá níṣòro, kí ètò náà pe fóònù rẹ̀ kíá.

Ìṣòro méjì ló lórúkọ nínú ètò náà: iná lọ, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ baba kan náà ni wọ́n, "Ìṣòro Fíríìjì". Orúkọ ìdílé lásán ni baba yìí. Òun fúnra rẹ̀ kì í yọjú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń yọjú. Àtinúkẹ́ wá kọ ìdánwò kan, ètò kékeré tó ń dán ètò ńlá wò, ó sì fẹ́ kó gbé baba gan-an jáde, kó lè mọ ohun tí ètò yóò ṣe bí ìṣòro tí ẹnikẹ́ni ò rí rí bá dé. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀.

"Fi 'iná lọ' dípò rẹ̀ jàre," ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

"A ti dán ìyẹn wò, sà."

"Jẹ́ kí baba náà máa yọjú fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan péré tó ń dá a dúró lo máa pa rẹ́."

"Sà, ètò á wá máa pariwo 'ìṣòro' láì sọ èwo. Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ogún ìṣẹ́jú ló kù o, Àtinúkẹ́!"

Ó rò ó títí: bí baba ò bá lè wá, kó bí ọmọ mìíràn. Inú ìdánwò nìkan ló kọ ọmọ kẹta náà sí, ó sì gbé e jáde.

Pupa fòò lojú kọ̀ǹpútà, ìdánwò kùnà! Ètò náà rí ọmọ kẹta, kò pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ ni: "Fíríìjì wà dáadáa." Àwọn ọmọ méjì àkọ́kọ́ nìkan ló dá mọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì kọ ibẹ̀.

Olúyẹmí tẹjú mọ́ ọn. "A ó tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé. Má sọ fún nọ́ọ̀sì."

Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Mà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àléébù kan ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì jókòó wọ̀ọ̀.

"Lóṣù tó kọjá," ó ní, "iná wà, ilẹ̀kùn tì, gáàsì ló jò tán. Abẹ́rẹ́ ọgọ́ta ọmọ la dà nù. Ẹ tún un ṣe lójú mi."

Olúyẹmí fa àga, ó pa orúkọ ọmọ méjèèjì rẹ́, ó fi ti baba sí i, kí ọmọ yòówù tó bá jáde má lè kọjá. Wọ́n tún dán an wò. Gbogbo ìlà di àwọ̀ ewé, nọ́ọ̀sì sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìdánwò yẹn," ó ní, ojú rẹ̀ ń wo títì, "má pa á rẹ́ o."