Àkọ́rọ̀ Tí A Kò Gun Òkè

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ugbor, nílùú Benin, kò tóbi. Ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, àti igi eléso kan tí àwọn ará Benin ń pè ní ebelebo. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń gbé àga sí láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní New Benin, níbi tí wọ́n ti ń ta wáyà àti gílóòbù iná. Wọ́n á máa mu tíì, wọ́n á máa wo ẹyẹ. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó tì wọ́n. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìfẹ́ ẹyẹ ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tíì yẹn.

Ẹ̀gà ló pọ̀ jù lórí ọ̀pẹ náà. Wọ́n á ya imọ̀ rẹ̀ títí yóò fi rí jákujàku, wọ́n á fi hun ilé, wọ́n á tún tú u ká.

"Wo ìyàwó yẹn," bàbá mi á wí. "Ó ti tú ilé tí ọkọ kọ́ fún un. Ó ní kò dáa."

"Dádì, akọ náà fúnra rẹ̀ ló ń tú u."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo wò ó ni, sà."

"Á jẹ́ pé ìyàwó ti bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá nìyẹn."

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀, àwa méjèèjì á wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn ní Èkìtì, níbi tí omi kan ti ń já láti orí àpáta gíga. Ọ̀nà oko la máa ń gbà, a ó la oko kòkó kọjá, a ó sì gun òkè títí a ó fi dé ìdí omi náà. Lásìkò yẹn, omi náà kò tíì pọ̀. Ó máa ń tín-ín-rín, ó sì máa ń mọ́, èèyàn á sì rí àpáta lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù Agẹmọ, á ti pọ́n, á máa hó. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn.

Lọ́dún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí mo padà sílé, ẹsẹ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ọkàn wọn ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bi í léèrè nípa òkè gígùn níṣojú wọn.

"Tí wọ́n bá rọra ń gùn ún, tí wọ́n ń sinmi, mi ò ní ní kí wọ́n má lọ," ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á lè ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀."

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, bàbá mi ní, "O gbọ́ ohun tó sọ. Ti ọdún yìí ló kù."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, àpò wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà, màmá mi sì ń di ẹja díndín sínú abọ́ fún wa. Ìgbà náà ni kowéè ké láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹyẹ tó ń kéde ikú làwọn èèyàn wa gbà pé ó jẹ́. Igbe rẹ̀ ni gbogbo wọn mọ̀. Mi ò tíì pàdé ẹnì kan tó júwe ìyẹ́ rẹ̀ fún mi tí ẹlòmíràn kò já a ní koro.

Màmá mi gbé abọ́ kalẹ̀. "Kò ní í ṣe tiwa," wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí bàbá mi: "Ẹ ò lọ mọ́."

Àbúrò mi obìnrin sọ̀rọ̀ láti inú yàrá: "Mọ́mì, na bird o. E no know our address."

"Ìwọ, panu mọ́! Ẹyẹ tó ké láàárọ̀ ìrìn àjò, ṣé ó wá kí wa pé a kú ìmúra ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ, bóyá ará GRA kan ló ń wá, tó ṣìnà dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo jáde lọ wá a. Èrò mi ni pé tí mo bá lè rí i, tí mo sì sọ irú ẹyẹ tó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀. Ó tún ké. Mo dúró lábẹ́ ebelebo, mo ń wo ewé kọ̀ọ̀kan títí ọrùn fi ń ro mí. Ẹ̀gà ni mo rí, àti aláǹgbá kan.

Nígbà tí mo wọlé, màmá mi ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi nílùú, ohùn wọn sì ń jáde ketekete látinú fóònù. "Kowéè kẹ̀? Àbúrò, jókòó sílé rẹ. A kì í gbọ́ ọ ká tún gbẹ́sẹ̀ kúrò nílé."

Bàbá mi wò mí. "Ṣé o rí i?"

"Rárá, sà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tú okùn bàtà wọn. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ohun tí mo rí ni pé wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

A ní a ó lọ tó bá yá. Ẹsẹ̀ wọn tún wú sí i. Kí oṣù Ẹ̀bìbí tó parí, wọ́n kú sórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, a sì lọ sin wọ́n sí ìlú wọn.

"Ẹyẹ yẹn ti sọ ọ́," màmá mi ń wí fún àwọn tó wá kí wa. Gbogbo wọn ń mi orí. Àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èmi ń rò ó lọ́kàn mi. Ká ní bàbá mi lọ, tí wọ́n kú sójú ọ̀nà, ẹyẹ ló sọ ọ́. Ká ní wọ́n lọ, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n wá kú lóṣù Ẹ̀bìbí, ẹyẹ náà ló sọ ọ́. Irú ikú wo ló lè sọ ẹyẹ náà di òpùrọ́? Ṣùgbọ́n èyí kò fún mi láṣẹ láti sọ pé wọn ì bá dé ìdí omi náà. Mi ò ní ẹ̀rí. Wọ́n fẹ́ lọ, wọn ò lọ: ìyẹn nìkan ni mo lè dúró lé lórí. Mi ò sọ ọ́ fún màmá mi.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, a padà lọ wo ibojì. Lọ́jọ́ kejì, màmá mi wé ìborùn mọ́rí. "Mú mi lọ síbi omi yẹn." Láti ìgbà tí wọ́n ti di ìyàwó ilé náà, wọn ò débẹ̀ rí.

Oko kòkó ti ṣú, ilẹ̀ sì ń yọ̀. À ń rìn, à ń dúró. Nígbà tí a gun òkè dé ibì kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ omi náà lókè, ohùn rẹ̀ wúwo. Màmá mi di igi kan mú.

"Ṣé ó ṣì jìn?"

"Tí a bá ti yí kọ́nà tó wà níwájú yẹn, a ó rí i."

Wọ́n wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí a gbà. "Ṣé ibi tó le jù la ti kọjá yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bàbá yín ì bá gùn ún."

Kò dún bí ìbéèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí lẹ́nu.

"Ó ṣeé ṣe, mà. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má lè gùn ún."

"Má tàn mí."

"Mi ò tàn yín, mà. Mi ò mọ̀ ni."

Wọ́n ní, "Bàbá yín ò rí i lọ́dún yìí. Kí lèmi wá ń wá débẹ̀?" Wọ́n yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń di igi kòkó mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo lè sáré lọ wò ó kí n sì bá wọn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀, wọn ò sì mọ ọ̀nà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bọ́ síwájú wọn, mo sì ní kí wọ́n di èjìká mi mú.