Súwẹ́tà Ahun

Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aṣọborí, nítorí kò gbà pé òtútù kankan wà tí aṣọ kò lè borí. Bí ọmọdé bá húkọ́, aṣọ ni. Bí eegun bá ń ro àgbàlagbà, aṣọ náà ni. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ ń fàkókò ara rẹ̀ ṣòfò.

Nígbà tí ọmọ Aṣọborí obìnrin bímọ, ìyàwó Aṣọborí lọ bá a tọ́jú ìkókó. Ahun tí ìyá ìyàwó náà fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló fi í sí. Ó ṣàlàyé ìtọ́jú rẹ̀ títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó o, ṣùgbọ́n baba ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kàn ń mirí ṣáá ni. Gbólóhùn kan péré ló wọ̀ ọ́ létí: "Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un o."

Òjò wá rọ̀, ahun kò sì jẹun mọ́. Aṣọborí wọn ọrùn rẹ̀, ó wọn itan rẹ̀, ó rán súwẹ́tà pupa tó ní ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin fún un, ó sì gbé ahun sábẹ́ tábìlì. Òun náà wọ súwẹ́tà lórí súwẹ́tà, nítorí ilé ti fẹ̀ jù fún ẹnì kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ahun le gbagidi, ó tutù bí òkúta inú odò. Baba gbà pé ó ti kú. Kí ni yóò sọ fún obìnrin tí ìyá rẹ̀ kò lè fún un ní òmíràn mọ́?

Oòrùn ti yọ lọ́jọ́ náà. Baba bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ahun, torí pé iṣẹ́ tó dára kò yẹ nínú ilẹ̀, ó gbé ahun sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó sì mú ọkọ́, ó ń gbẹ́ sàréè rẹ̀ tòun ti omijé. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ahun ti ń jẹ ewé lẹ́bàá ọgbà.

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ahun na ọrùn àti ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná, ó wọ́ lọ sábẹ́ òjìji àgbá omi. Nígbà tó tutù, ó tún padà sóòrùn.

Ìyàwó dé, baba jẹ́wọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ní kí ẹ máa gbé e sóòrùn láràárọ̀. Bàbá wọn, aṣọ kì í mú ooru wá. Ooru tó bá ti wà lára ló ń pa mọ́, ahun ò sì ní tara rẹ̀. Òtútù gan-an lẹ dì mọ́ ọn lára."

Ó wá wo ọkọ rẹ̀ tòun ti súwẹ́tà méjì nínú oòrùn ọ̀sán.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ojú ti Aṣọborí. "Látìgbà tó o ti lọ ni mo ti ń wọ̀ wọ́n léra. Kò móoru."

Ìyàwó bọ́ wọn kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn.