Máàsì Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Wa

Ẹ̀yìnkùlé wa ni máàsì náà, òpó gíga tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì fóònù, wà. Bí mo bá ṣí fèrèsé, irin pupa òun funfun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí a sùn gbádùn, èéfín rẹ̀ sì ń bà lé aṣọ tí a bá sá. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pe ènìyàn lórí fóònù nínú ilé wa ní láti gun orí pèpéle gíga tí a gbé tánkì omi lé.

Ilé náà wà lẹ́yìn Ajah, ní apá ibi tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí èbúté, lẹ́yìn tí a bá ti yà kúrò lójú títì tí a sì ti wọ iyanrìn àti ẹrẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni màmá mi ń fẹ́ tí a fi kó lọ síbẹ̀, ó sì rí i gbà ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún un nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àìsàn sì dá dùbúlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó retí pé wọn yóò tún fojú kan ara wọn mọ́, àfi lórí fóònù. Ohun tí mo ń wá nìyẹn: kí màmá mi máa rí ojú rẹ̀, kí ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Inú mi dùn, nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan wá tọrọ ilẹ̀ tí wọn yóò ri máàsì sí. Olórí ìdílé tó nilẹ̀, bàbá àgbà kan tí Ìjẹ̀bú kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, pe gbogbo àdúgbò jọ. Ìbéèrè kan ló bi ọ̀gá tó ṣojú ilé iṣẹ́ náà: ṣé àwa tí a ń gbé ìdí rẹ̀ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i."

A pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa rò pé bí àtùpà ni máàsì rí, pé ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni yóò tàn sí jù.

Wọ́n parí rẹ̀, wọ́n tàn án, fóònù wa kò yí padà. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Lekki léraléra. Wọ́n ní kí n pa fóònù kí n tún un tàn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí mo kọ̀ láti dìde lórí àga wọn, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ jẹun sọ òótọ́ fún mi, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun. Ó ní máàsì ní ojú. Ibi tí wọ́n bá kọ ojú rẹ̀ sí ló ń fún ní nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ̀sítéètì àwọn ọlọ́lá tó wà níwájú ni wọ́n kọ ojú tiwa sí. Àwa wà lẹ́yìn rẹ̀, a kò sì tíì pọ̀ tó ẹni tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi ojú mìíràn kún un.

Mo ròyìn fún bàbá àgbà tó nilẹ̀. Ó wo máàsì náà títí.

"Kò kúkú purọ́," ló wí. "Àwa la kọ́kọ́ rí i. A ṣì ń rí i."

Màmá mi kò lè gun òkè tánkì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ẹ̀bá ògiri ẹ̀sítéètì náà, mo ń gbé àga rọ́bà kalẹ̀ fún un sórí koríko. Gèlè ló máa ń wé lọ. Ó ní àbúrò òun kò gbọdọ̀ rò pé ìyà ń jẹ òun.

Nígbà ìkẹyìn, ohùn àbúrò rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Màmá mi gbé fóònù mọ́ etí, ó tún gbé e síwájú. Kò mọ èyí tí yóò mú nínú ojú àti ohùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun kan wà tí mo ti ń fẹ́ sọ fún yín."

Ibẹ̀ ló dé tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀sítéètì náà fi yọ sí wa. Ó kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní àwọn onílé ń ṣàròyé pé àwọn kan ń jókòó ti ògiri àwọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sún sí òdìkejì títì. Wọ́n máa lé mi níṣẹ́ ni."

Mo bá a jà. Màmá mi fúnra rẹ̀ ló dìde, nítorí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí a tó sọdá, nẹ́tíwọ̀kì ti já, ojú àbúrò rẹ̀ ti dúró gbagidi lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. A pè é títí, kò wọlé. Nígbà tí ó wọlé lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ rẹ̀ ló gbé e, wọ́n sì ti sin ín.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Orí òkè tánkì ni mo ti ka èsì wọn: wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà àwọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún gbogbo ayé kà.

Màmá mi kò wé gèlè mọ́. Bó bá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìn lòun náà ń kọ sí máàsì.

"Kí lo rò pé ó fẹ́ sọ fún mi?" ló máa ń bi mí.

Jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.