Ọmọ Méjì Nídìí Ìkòkò Sùwéébátù

Rufaidah tí àwòrán rẹ̀ wà lára ìgò ata díndín tí wọ́n ń tà káàkiri Abidjan, Adjamé ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Sùwéébátù ìyá rẹ̀ ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àgbàlá fi mọ̀ ọ́n ni ẹ̀kuru tó máa ń sè ní àárọ̀ Jímọ̀ọ̀, funfun báláú, pẹ̀lú ata díndín tó ti gbẹ dáadáa nínú epo.

Rufaidah kì í dúró nídìí iná nígbà náà. Ìwé ló ń kà. Ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀wà ni Bintou, ọmọ ẹ̀yà Júlà tí bàbá rẹ̀ ń gbé yàrá kan nínú àgbàlá yẹn. Ìyá Bintou kú nígbà tó wà ní kékeré, Sùwéébátù sì ní kí ó máa wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Ó ń wá jẹun títí tó fi di pé ibẹ̀ náà ló ń sùn. Kò pẹ́ tó fi ń sọ Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí kò dé ibòmíràn rí. Rufaidah ní tirẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá sọ Yorùbá sí i, Faransé ló fi ń dáhùn.

Ó parí ilé ìwé girama tí wọ́n ń pè ní lisẹ́, ó rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Plateau. Lọ́dún tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù kọ bí wọ́n ti ń se oúnjẹ ilé wọn sórí ayélujára. Yóò pe ìyá rẹ̀, yóò béèrè, yóò sè é, yóò ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń tẹ ìwé ní Cocody ránṣẹ́ pè é, ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Faransé, ó sì tà. Rufaidah fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó gba ilé kan ní Songon, ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń dín ata, wọ́n ń rọ ọ́ sígò.

Àsìkò yẹn náà ni Bintou ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan ní Marcory. Kò ní pátákó níta. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Sùwéébátù máa ń wọ takisí lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀.

"Màmá, oúnjẹ ń bẹ nílé mi," Rufaidah sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀. Ti Bintou ló bá mi lẹ́nu mu."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá yin ìwé rẹ̀ tó sì fi kún un pé òun jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Bintou, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Ó rán ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ẹ̀kuru wá láti Marcory. Ó dúró ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ní Songon, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń wá àléébù rẹ̀. Kò rí. Ó da ìyókù fún àwọn adìẹ aládùúgbò, àwọn adìẹ náà sì jẹ ẹ́ láìṣẹ́kù. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fẹ́ ṣe ètò lórí oúnjẹ àwọn àlejò tó ti di onílé ní Abidjan. Wọ́n pe Rufaidah, wọ́n ní kí ó mú ìyá rẹ̀ dání. Sùwéébátù gbà, ṣùgbọ́n ó ní Bintou ni yóò bá òun po ẹ̀wà.

"Èmi ń kọ́, Màmá? Ṣé mi ò lè pò ó ni?"

"O lè pò ó. Ìkánjú rẹ ló pọ̀ jù."

Lọ́jọ́ ètò náà, Sùwéébátù fi Faransé ọjà rẹ̀ sọ fún Anita, obìnrin tó ń darí ètò, pé àwọn ọmọ òun méjèèjì nìyí.

Anita yíjú sí Rufaidah. "Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ní àbúrò!"

Rufaidah rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni tẹ́lẹ̀. Abọ́ fífọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀."

Bintou kò dá ẹ̀wà pípò dúró, orí rẹ̀ nìkan ló wálẹ̀. Sùwéébátù, tó ti ń fi Faransé nájà láti ìgbà èwe rẹ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Wọ́n padà sí Adjamé.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ni Sùwéébátù tó dúró. "Rufaidah, èmi ò gba ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Ìgbà tí o ń kàwé, ta ló ń fọ abọ́ tí o fi jẹun?" Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ètò náà jáde, tí ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀, gbogbo Adjamé ló ń sọ ọ́. Àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ sí Marcory láti kí Bintou, ilé oúnjẹ rẹ̀ sì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kàkà kí ojú ti Rufaidah, owú ló tún ń jẹ ẹ́ sí i. Àfi ìgbà tí Iléyá dé, tí ìyá rẹ̀ fi ẹran ránṣẹ́ sí i tí òun fúnra rẹ̀ kò wá, ni ara rẹ̀ tó bù máṣọ. Ó lọ bá Bintou lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Tantí, ẹ káàbọ̀," Bintou wí, bí ó ti máa ń pè é gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n láti kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà tó ń bó.

"Bintou, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Èmi ni Màmá bí. Bí mo bá ti rí wọn lọ́dọ̀ rẹ, ó máa ń ṣe mí bíi pé o jí wọn gbé."

Bintou gbọn omi kúrò lọ́wọ́. "Bí ẹ bá ti lọ sílé ìwé, mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yín kejì, n ó máa rìn ká yàrá. Mo fẹ́ kí Ìyá pariwo mọ́ mi pé kí n lọ kàwé, bí wọ́n ti ń pariwo mọ́ yín. Wọn ò pariwo mọ́ mi rí."

Rufaidah kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá, Tantí. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹun."

Ó jókòó, ó jẹun.

Nígbà tí àwọn ará Cocody tún béèrè ìwé mìíràn, tí yóò dá lórí oúnjẹ ẹ̀wà, Rufaidah lọ bẹ Bintou kí àwọn jọ ṣe é. Bintou ní òun yóò ṣe é bí orúkọ òun bá wà níwájú ìwé, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Rufaidah lọ sílé. Ó bínú, ó sunkún, ó ní ta ló jókòó kọ ti àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó gbà. Wọ́n jọ ṣe é pẹ̀lú asọ̀: Rufaidah ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, Bintou ń sọ pé ẹ̀wà tí wọ́n bá ti pò dáadáa, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Wọ́n gbé ìwé náà lọ síbi pàtẹ ìwé kan ní Cotonou. Bintou ń po ẹ̀wà lójú gbogbo ènìyàn, ó ń fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Rufaidah jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló wá bá a, ilé ìtọ̀ ló sì ń wá.

Owú àtijọ́ yẹn tún ru sókè láyà rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó bu omi sínú ife, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bintou. Bintou kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn nawọ́, ó gbé omi náà mu, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.