Ìkòkò Kòríà tí Mo Fọ̀ Mọ́ ní Ẹdẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ẹdẹ níbí. Ẹ mọ̀ pé ohun tí mi ò bá rí ìdí rẹ̀, n kì í tètè gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ni òyìnbó òṣìṣẹ́ ojú irin kan ní kí n wá bá òun nu àwọn ohun àtijọ́ tí òun kó bọ̀ láti Kòríà, ilẹ̀ kan tó jìnnà réré. Ó fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù, ilé tí wọ́n ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí fún ará ìlú láti wò.

Mo nu abọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya ẹyẹ bí lékèélékèé sí. Mo nu ìbòjú onígi kan tí àgbọ̀n rẹ̀ ń mì bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. (Èyí bà mí lẹ́rù díẹ̀, mi ò ní purọ́!) Lẹ́yìn náà ni mo kan ìkòkò funfun kan, ìkòkò kékeré wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ gbígbẹ sì wà nísàlẹ̀ èyí tó wà nínú. Mo bu omi, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo da omi náà sẹ́yìn ilé.

Òyìnbó dé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìkòkò tí wọ́n fi sin ibi ọmọ ọba ilẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn kan ló hú u, tí wọ́n tà á fún òun.

Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ wa pé bàbá ọmọ ló ń sin ibi, àti pé wọn kì í hú u? Èmi wá fọ ti ọmọ ọlọ́mọ dànù! Bẹ́ẹ̀ oṣù Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, ti pé.

Mo délé, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá mi ní láti ìyálẹ̀ta ni, ọmọ kò tíì yọ. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí ló ń gbọ̀n mí, ṣé èmi ni mo fẹ́ bímọ ni. Mo ṣàlàyé. Ẹ̀rín tán lójú wọn.

“Àkànní, níbo lo da omi náà sí?”

“Ẹ̀yìn ilé òyìnbó ni, Ìyá.”

“Lọ kó erùpẹ̀ náà padà fún ẹni tó ni ín.”

Mo sáré. Lọ́nà, mò ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: báwo ni erùpẹ̀ Kòríà ṣe lè mọ ilé wa? Mi ò rí ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò dúró gbọ́ àlàyé. Mo fọwọ́ ha ẹrẹ̀ náà, mo dà á sínú ìkòkò kékeré, mo dá a padà sínú ìkòkò ńlá, mo dé e. Mo bẹ ọmọ ọba tí mi ò mọ̀ pé kó má bínú. Òyìnbó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mo ti tún sọ ìkòkò òun dìdọ̀tí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo forí lé ilé.

Nígbà tí mo padà, igbe ọmọ ni mo gbọ́! Mo bi Ìyá pé ìgbà wo ló bí i. Wọ́n ní mi ò tíì rìn kọjá ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí ilé wa tí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ ò rí i? Ó ti bí kí n tó dá erùpẹ̀ kankan padà. Mi ò lè sọ pé ẹ̀bẹ̀ mi ló gbà á là. Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀ pé mo bẹ̀bẹ̀, torí bàbá kan ló ní kí wọ́n sin ibi ọmọ ọba yẹn náà.

Ìyá gbé ìṣasùn tó ní ibi ọmọ mi fún mi, pẹ̀lú ọkọ́. Mo gbẹ́ ilẹ̀ títí Ìyá fi ní ṣé kànga ni mò ń gbẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹnìkan bá wá hú èyí náà lọ ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí á tó nu ohun tí wọ́n gbé síwájú wa, ká béèrè ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, kó sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí níbi tí mo sin ti ọmọ mi sí.