Ìdáhùn Tí Mo Fún Wolé-wolé

Ìkìlọ̀ kan wọlé sórí fóònù ọmọbìnrin mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: onígbáméjì ti dé Odekpe, àdúgbò wa nítòsí Onitsha, bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ gbuuru nílé yín, ẹ tẹ oókan, bí kò bá sí, ẹ tẹ òdo. Ó tẹ òdo. Ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ka iye ìgbà tó lọ. Ọmọbìnrin mi ní bí òun bá sọ ọ́, wọn ó ti ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun pa.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti mú irọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Nígbà tí owó epo dé, tí wọ́n ń tún Onitsha kọ́ lẹ́yìn ogun, yàrá kan la gbà nítòsí odò. Obìnrin ará Ìwó kan ló wà ní yàrá tó dojú kọ tiwa. Láràárọ̀ ni wolé-wolé máa ń wá béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ tó wà lọ́fíìsì wọn ròyìn àdúgbò kọ̀ọ̀kan fún iléeṣẹ́ ìlera ní Enugu, Enugu á sì mọ ibi tí ọkọ̀ oògùn yóò kọrí sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọkùnrin obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dà bí omi ìrẹsì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ. Mo ní kó panu mọ́: wọn ó kó gbogbo ọmọ ilé lọ sí àgọ́ ìyàsọ́tọ̀, tèmi tí nǹkan kan ò ṣe á sì kó o níbẹ̀. Nígbà tí wolé-wolé dé, èmi ni mo jáde sí i. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi èdè Ìgbò kí i, mo ní ara gbogbo wa le. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lọmọ náà kú. Wọn ò tíì sin ín tán tí tèmi, ọmọ tó tẹ òdo yìí, fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọkọ̀ oògùn ti lọ sí Ogbunike, torí pé àwọn ará ibẹ̀ ò purọ́. Mo pọ̀n ọ́n, mo wọkọ̀ lọ bá wọn. Wọ́n fa omi sí i lára, ó yè.

Nígbà tí a padà dé, obìnrin ará Ìwó náà ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n ti jẹ́wọ́ lẹ gbé tiyín lọ.”

Mo ní Ọlọ́run ló fún un, Ọlọ́run náà ló gbà á. Ó bi mí bóyá Ọlọ́run ló dá wolé-wolé lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi, mo tẹ oókan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà lóòótọ́, ọmọ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Ọmọ ọmọ mi ti ń jẹun.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, bí wọ́n bá bi yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.