Àpótí Tó Ń Ṣọ́ Ọkàn Bàbá

Ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Tẹ́ní wà ní Duluth, ní Amẹ́ríkà, tí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ fi pè é. Wọ́n ní àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, tó ń fi ìròyìn ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ti dákẹ́ láti àná. Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà? Tẹ́ní pe fóònù bàbá, kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ló bá ní kí ẹlòmíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó wa mọ́tò wọnú òjò, ó kọrí sí Loganville níbi tí bàbá ń gbé.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n fi ẹ̀rọ oníbátìrì sábẹ́ awọ àyà bàbá, torí ọkàn rẹ̀ ti ń gbàgbé láti lù. Ẹ wá wò ó o, Bàbá Ọláníyọnu kì í ṣe ẹni tó yẹ kí iná mànàmáná dẹ́rù bà. Olùkọ́ físíìsì ni ní Ìkirè kó tó fẹ̀yìn tì. Á to kọ́bọ̀ àtijọ́ àti páànù léra, á ki páálí tó rin fún omi iyọ̀ sáàárín wọn, bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Volta ti ṣe bátìrì àkọ́kọ́, iná bíńtín á sì tàn. Á sọ ìtàn Galvani, tó rí i tí itan ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ta pọ́n-ún, tó ní iná wà nínú ẹran ara. Volta ní rárá, ara irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó kàn án ni iná náà ti wá. Bí ààrá bá sán tí àwọn ọmọ ń wá abẹ́ tábìlì, bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní onímọ̀ Franklin ti tú àṣírí rẹ̀, iná kan náà tó wà nínú bátìrì ni.

Tẹ́ní ń wakọ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń bá ara rẹ̀ wí. Kí ló dé tó fi bàbá nìkan sílẹ̀? Gbogbo iná pupa ojú títì ló dá a dúró. Lójú ọkàn rẹ̀, bàbá ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àṣé bàbá wà lórí àga, ó ń jẹ ẹ̀pà. Torí ààrá tó ń sán láti àná, ó ti yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, àti tẹlifíṣọ̀n àti àpótí ilé ìwòsàn. Ó ti pa fóònù. Ó tilẹ̀ ti fi aṣọ bo dígí, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe tí òjò bá ṣú.

Tẹ́ní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Daddy, why now? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo ọmọ Ìkirè pé kí wọ́n má bẹ̀rù ààrá.”

Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà.

“Nígbà tí mò ń kọ́ wọn, wọn ò tíì fi iná sínú àyà mi.”

Tẹ́ní, tó ń sọ fún aláìsàn lójoojúmọ́ pé kò sí nǹkan kan, dìde nílẹ̀. Ó di bàbá lọ́wọ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì ki wáyà àpótí náà bọ iná. Bàbá di ojú rẹ̀ pinpin.